ÌMỌ́LẸ̀ ÀTI AFẸ́FẸ́ NÍNÚ ILÉ TÍ A Ń KỌ́

Ìgbìmọ̀ tó ṣètò ọjọ́ òní ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ilé kíkọ́. N kò níí sọ̀rọ̀ lórí iye sìmẹ́ǹtì tàbí irin. Ohun tí a kì í rà lọ́jà ni mo fẹ́ sọ, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ oòrùn àti afẹ́fẹ́. Ọ̀fẹ́ ni Ọlọ́run fi méjèèjì fún wa, síbẹ̀ owó ńlá ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń ná láti fi ògiri dí wọn mọ́ ìta.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ara mi. Ilẹ̀ tí mo rà ní Kánò níbí fẹ̀ ní 35 ẹsẹ̀ bàtà, ó gùn ní 100. Mo sọ fún ẹni tó ya àwòrán ilé pé kò gbọdọ̀ fi ààyè kankan ṣòfò, nítorí owó ayálégbé ni mo ń wò. Ó yà á bí mo ṣe wí. Yàrá 12 ló jáde, mẹ́fà lọ́tùn-ún, mẹ́fà lósì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan láàárín. Láti ògiri mi dé ààlà kò ju ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ lọ. Kò pé ọdún mẹ́ta tí aládùúgbò mi lápá òsì fi kọ́ tirẹ̀ dé ààlà. Ọjọ́ tí ògiri rẹ̀ ga kọjá fèrèsé mi ni ọ̀sán di òru nínú yàrá mẹ́fà. N kò lè bá a jà. Ohun tí mo ṣe lòun náà ṣe.

Ìyá mi wá kí wa láti ilé nínú oṣù kẹrin. Yàrá àárín lápá òsì ni a fi wọ́n sí. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, wọ́n gbé ẹní wọn jáde sí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ilé rẹ dára, ṣùgbọ́n kò mí." Wọn kò lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kí wọ́n tó padà sílé.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ìgbádùn nìkan ni. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìlú yìí ní 1996 kò níí gbàgbé àrùn yírùnyírùn. Ní Nàìjíríà lọ́dún náà, àwọn tó kó o lé ní 100,000, àwọn tó kú lé ní 10,000. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fúnni ní 2011 ti lé irú A rẹ̀ sẹ́yìn gan-an, ṣùgbọ́n ní 2017 irú C tún pa ènìyàn tó lé ní 1,000. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń jà, ó sì máa ń yára ràn níbi tí ènìyàn bá há mọ́ra láìsí afẹ́fẹ́. Fèrèsé kọ́ ni oògùn rẹ̀, abẹ́rẹ́ àti ilé ìwòsàn ni. Ṣùgbọ́n ilé tí kò ní afẹ́fẹ́ ń bá àrùn ṣiṣẹ́.

Kí wá ni ká ṣe? Èkíní, ẹ wo ojú oòrùn. Oòrùn òwúrọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ máa ń rẹlẹ̀, ó ń yọjú wọlé lábẹ́ òrùlé, kò sí bí etí páànù ṣe lè dá a dúró. Ti ọ̀sán ga, etí òrùlé tó yọ síta ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lè dá púpọ̀ nínú rẹ̀ dúró. Nítorí náà, bí ilẹ̀ bá gbà, ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ gígùn ilé kọjú sí àríwá àti gúúsù. Ìhà ìwọ̀ oòrùn ni kí ẹ kó balùwẹ̀, ibi ìkẹ́rùsí àti àtẹ̀gùn sí, ẹ má fi yàrá ìsùn síbẹ̀. Bí ilẹ̀ kò bá gbà, ẹ gbin dóńgóyárò sí ìhà náà.

Èkejì, ọ̀nà kan kò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ ni fèrèsé kan kò tó yàrá. Afẹ́fẹ́ kì í wọ ibi tí kò ti rí ọ̀nà jáde. Ẹ fi fèrèsé sí ògiri méjì. Ní ìgbà òjò, gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ wa ti ń wá. Ọyẹ́ ń gba àríwá-ìlà-oòrùn wá pẹ̀lú eruku, nítorí náà kí fèrèsé ìhà ibẹ̀ lè dé dáadáa. Ní ọ̀sán oṣù kẹrin, nígbà tí ìta gbóná ju inú ilé lọ, ẹ fa kọ́tìnì. Bí oòrùn bá wọ̀, ẹ ṣí gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ wọn fèrèsé. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ilé ń lò ni pé kí ojú fèrèsé tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ilẹ̀ yàrá, ó kéré tán. Yàrá 12 sí 12 jẹ́ 144. Fèrèsé 4 sí 4 jẹ́ 16, ó dà bíi pé ó ti tó. Ṣùgbọ́n onígíláàsì tí a ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kì í ṣí ju ìdajì lọ, 8 péré ni afẹ́fẹ́ rí. Ẹni tó ń bẹ̀rù olè, kó fi irin sí i. Ẹni tó ń sá fún ẹ̀fọn, kó fi nẹ́ẹ̀tì sí i. Ẹ má fi búlọ́ọ̀kù dí i.

Ẹ̀kẹrin, ẹ fi ojú ọ̀run sílẹ̀ nínú ilẹ̀ yín. Àgbàlá ni àwọn baba wa kọ́ agbo ilé yí ká. Àwọn Hausa tí a ń bá gbé náà ní tiwọn, tsakar gida. Aládùúgbò lè dí ẹ̀gbẹ́ ilé yín, kò lè dí àgbàlá yín. Ẹ má sì gbé jẹnẹrétọ̀ síbẹ̀, tàbí sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Májèlé inú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn, ó ń pa ènìyàn lójú oorun.

Mo padà wó yàrá méjì láàárín ilé mi, mo sọ ibẹ̀ di àgbàlá. Yàrá mẹ́rin tó yí i ká rí ìmọ́lẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà rí i. Mẹ́ta ṣì ṣókùnkùn lápá òsì títí di òní, ẹrù là ń kó sí wọn. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: nítorí yàrá méjì tí n kò fẹ́ fi sílẹ̀ lórí ìwé, yàrá márùn-ún ni mo pàdánù. Ìyá mi kò sì rí àgbàlá náà kí wọ́n tó kú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ra ilẹ̀, ẹ mú àwòrán ilé yín, ẹ fi ìka tọ yàrá kọ̀ọ̀kan, kí ẹ béèrè pé, "Níbo ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé? Níbo ni afẹ́fẹ́ ń gbà jáde? Bí aládùúgbò bá kọ́ ilé dé ààlà ńkọ́?" Lórí ìwé, rọ́bà là ń fi pa ògiri rẹ́. Bí ilé bá ti dúró, òòlù ni.

A ó kọ́lé, a ó gbé inú rẹ̀ pẹ́, láṣẹ Olódùmarè. Ire o.