Ọmọ Tí Wọ́n Ń Yá Kiri

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè wa. A gbé e síbí fún ẹ̀yin tí ẹ kò lè wá.)

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ nípa bọ́ọ̀lù àti àwọn ọ̀dọ́ wa. N kò ní fi àkókò yín ṣòfò. Ọ̀rọ̀ àyálò ni mo fẹ́ sọ, èyí tí àwọn ọmọ yín ń pè ní lóònù.

Ta ni kò mọ Taiwo Awoniyi? Ìlọrin yìí ni wọ́n ti bí i ní 1997. Ó wà nínú ikọ̀ Golden Eaglets tó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé àwọn ọmọ tí kò ju ọdún 17 lọ ní 2013. Láti ilé-ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù Imperial ni Liverpool ti mú un ní oṣù kẹjọ ọdún 2015, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún 18. Liverpool! Ta ni inú rẹ̀ kò ní dùn?

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó tẹ̀lé e. Wọ́n yá a fún FSV Frankfurt ní Jámánì (kì í ṣe Eintracht tí ẹ mọ̀ o). Ó tún di NEC Nijmegen ní Netherlands. Ó di Mouscron ní Belgium. Ó di Gent, Belgium náà ni. Sáà yẹn kò tíì parí tí wọ́n fi dá a padà sí Mouscron. Ó di Mainz, Jámánì. Ó di Union Berlin. Ẹ̀ẹ̀meje láàárín ọdún mẹ́fà, kò sì gbá ìdíje gidi kan ṣoṣo fún Liverpool rí. Ìdí pàtàkì kan ni pé kò rí ìwé àṣẹ iṣẹ́ gbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí di 2021. Ọdún tó rí i gbà náà gan-an ni wọ́n tà á fún Union Berlin.

Ẹ mọ ìyókù. Ó gbá góòlù 15 wọlé nínú líìgì Jámánì ní sáà 2021/22, Nottingham Forest rà á, nígbà tó sì di oṣù kẹwàá ọdún 2022, òun ló gbá góòlù kan ṣoṣo tí Forest fi na Liverpool. Ìparí ìtàn yẹn dùn, adùn ìparí yẹn ló sì ń tan àwọn òbí jẹ. Wọ́n ń wo góòlù, wọn kò wo ọdún mẹ́fà. Ọmọ tí wọ́n yá lẹ́ẹ̀meje tí kò wá sí ibì kankan mọ́, ta ló ń ya fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp?

Ẹ wo Kenneth Omeruo náà. Chelsea rà á ní oṣù kìíní ọdún 2012. Wọ́n yá a lọ sí Netherlands, wọ́n yá a fún Middlesbrough, wọ́n yá a lọ sí Turkey lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n yá a lọ sí Spain, kí wọ́n tó tà á ní 2019. Ọdún méje! Ó ti gba ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà fún Nàìjíríà ní 2013, ó ti gbá ife-ẹ̀yẹ àgbáyé, síbẹ̀ kò wọ aṣọ Chelsea nínú ìdíje gidi kankan. Ìgbà kan wà tí àwọn tí Chelsea yá síta lé ní 30 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyẹn kì í ṣe ìtọ́jú ọmọ mọ́, ọjà ni. Wọ́n ń rà, wọ́n ń tọ́jú sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, kí iye rẹ̀ lè gòkè.

Àwọn àgbà ní ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, á ṣoni. Kóòṣì tí wọ́n yá ọmọ fún mọ̀ pé ọmọ náà ń lọ ní ìparí sáà. Tí ọmọ tirẹ̀ tí yóò tà lọ́la bá wà lórí bẹ́ǹṣì, ta lẹ rò pé yóò fi sínú pápá? Ọmọ yín yóò kọ́ èdè Jámánì díẹ̀, kó tó gbọ́ ọ dáadáa wọ́n ti gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Òtútù, oúnjẹ, ilé tuntun, dókítà tí kò mọ eékún rẹ̀ rí. Bó bá sì fara pa níbẹ̀, kóòṣì tó mú un wá láti ilé lè ti kúrò níbi iṣẹ́ kó tó padà.

Nítorí irú èyí ni FIFA ṣe fi òfin dé e. Láti oṣù keje ọdún 2022, kíláàbù kan kò gbọdọ̀ yá ju agbábọ́ọ̀lù 8 lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn nínú sáà kan, kò sì gbọdọ̀ yá ju 8 wọlé. Ọdún kejì ó di 7. Láti oṣù keje ọdún 2024, ó di 6. Kò gbọdọ̀ ju 3 lọ láàárín kíláàbù méjì kan náà. Àyálò kan kò gbọdọ̀ ju ọdún kan lọ, bí wọ́n bá sì fẹ́ fà á gùn, agbábọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Kíláàbù tó yá ọmọ kò sì gbọdọ̀ tún un yá fún ẹlòmíràn. Wọ́n wá ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ fún líìgì tirẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta.

Òfin dáadáa ni, mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Iye ọmọ tí kíláàbù yá ni wọ́n ń kà. Kò sẹ́ni tó ń ka iye ìgbà tí wọ́n yá ọmọ kan. Wọ́n lè yá ọmọ yín lọ́dún yìí, kí wọ́n yá a lọ́dún tó ń bọ̀, kí wọ́n tún yá a lọ́dún kẹta, níwọ̀n ìgbà tó bá ṣáà wà lára àwọn 6. Ìrìn Awoniyi láti Frankfurt dé Berlin, kò sí ìlà kan nínú òfin tuntun yìí tó ní kó má lè tún ṣẹlẹ̀ sí ọmọ mìíràn láti Ìlọrin. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò ju 21 lọ tí kíláàbù náà fúnra rẹ̀ tọ́ dàgbà kò tilẹ̀ sí nínú kíkà. Àwọn olówó sì ti ń wá ọ̀nà mìíràn: wọ́n ń ra kíláàbù kejì àti ìkẹta. Àwọn tó ni Chelsea ra Strasbourg ní Faransé ní 2023. Bí kíláàbù méjèèjì bá jẹ́ tìrẹ, kí lo fẹ́ fi yíyá ṣe?

Nítorí náà, ìdáàbòbò ọmọ wa wà nínú ìwé tí a fọwọ́ sí níbí kó tó gòkè. Tí wọ́n bá gbé àdéhùn wá, ẹ bi wọ́n: ṣé ọmọ yìí lè rí ìwé àṣẹ iṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè yín, àbí ẹ ó kọ́kọ́ yá a síta? Fún ta ni? Kóòṣì ibẹ̀ ńkọ́, ṣé ó bèèrè fún un? Ta ló ń san owó oṣù rẹ̀ lákòókò àyálò? Ta ni yóò tọ́jú rẹ̀ bó bá fara pa? Aṣojú tó bá bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Aṣojú gidi ní láìsẹ́ǹsì FIFA, orúkọ rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì FIFA, ẹ sì lè wò ó lórí fóònù yín. Ọmọ tí kò tíì pé 18, òfin kò gbà kí kíláàbù òkèèrè mú un láti ibí, àyàfi àwọn ìdí díẹ̀ kan. Àdéhùn iṣẹ́ bọ́ọ̀lù tí ọmọ tí kò tíì pé 18 bá fọwọ́ sí kò sì gbọdọ̀ ju ọdún mẹ́ta lọ. Ẹni tó ní kẹ́ ẹ ta ilẹ̀ fún tíráyà ọmọ ọdún 15 ní Yúróòpù, owó yín ló ń wá.

Àti pé kí ló ń lé wa? Rashidi Yekini, tí orúkọ rẹ̀ wà lára pápá ìṣeré wa n'Ílọrin, gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars àti Abiola Babes, ó lọ sí Africa Sports ní Côte d'Ivoire, ó sì ti lé ní ọmọ ọdún 25 kó tó dé Portugal. Ṣeyi Olofinjana gbá fún Kwara United kó tó lọ sí Norway ní 2003, LAUTECH tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló sì ti kàwé gboyè. Kwara United yìí kan náà ló gba ife-ẹ̀yẹ President Federation Cup ní 2025. Ọdún méjì nínú pápá pẹ̀lú àwọn àgbà nílé sàn ju ọdún méjì lórí bẹ́ǹṣì tí kì í ṣe tìrẹ.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ owó díẹ̀, torí mo mọ̀ pé ẹ ti ń retí rẹ̀. Tí kíláàbù orílẹ̀-èdè kan bá ta agbábọ́ọ̀lù sí òmíràn, ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà jẹ́ ti àwọn kíláàbù tó tọ́ ọ láàárín ọdún 12 sí 23. Ká ní wọ́n ta ọmọ Fate kan ní mílíọ̀nù 10 pọ́n-ùn. Ẹgbẹ̀rún 500 ni ìdá yẹn. Ọdún kọ̀ọ̀kan láti 12 dé 15 jẹ́ ẹgbẹ̀rún 25, láti 16 lọ sókè ẹgbẹ̀rún 50 lọ́dún kan. Kíláàbù àdúgbò tó tọ́ ọ ní ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́ nìkan yóò gba ẹgbẹ̀rún 100 pọ́n-ùn. Bí wọ́n bá tilẹ̀ gba owó lórí àyálò, ìdá yẹn wà níbẹ̀. Láti 2022, iléeṣẹ́ FIFA kan tó wà ní Paris ló ń pín in.

Ṣùgbọ́n ìwé ni wọ́n ń wò. Tí kíláàbù kò bá sí nínú ìwé àjọ bọ́ọ̀lù, tí orúkọ ọmọ kò sí lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ orí tó jẹ́ òótọ́, kọ́bọ̀ kò ní wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ ń dín ọjọ́ orí ọmọ kù, ẹ ń bá ìwé náà jẹ́ ni.

Ohun tí mo bẹ ẹgbẹ́ yìí nìyí. Kí akọ̀wé wa ṣí ìwé kan: orúkọ ọmọ, ọjọ́ ìbí, kóòṣì tó ń kọ́ ọ, ọdún tó bẹ̀rẹ̀, ilé-ìwé tó ń lọ. Kí ẹ̀yin kóòṣì wa lọ forúkọ kíláàbù yín sílẹ̀ ní àjọ bọ́ọ̀lù ìpínlẹ̀, owó ìforúkọsílẹ̀ ni kí ẹgbẹ́ bá yín dá sí. Ẹ̀yin ọmọ Fate tí ẹ jẹ́ lọ́yà, yálà n'Ílọrin ni o tàbí London, a nílò ẹni méjì tí yóò máa ka àdéhùn lọ́fẹ̀ẹ́ kí òbí tó fọwọ́ sí i. Ẹ kọ orúkọ yín ránṣẹ́ sí akọ̀wé kó tó di ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ti ní àdéhùn lọ́wọ́ báyìí, ẹ mú ẹ̀dà rẹ̀ dání wá.