Gìtá Jáàsì Àtijọ́: Etí ni Kí Olùrà Fi Rà Á

Ẹ wo gìtá tí àwòrán rẹ̀ wà lójú ẹ̀rọ yìí dáadáa. Kò jọ èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀. Ojú rẹ̀ kò tẹ́ pẹrẹsẹ bí ojú tábìlì. Ó rú sókè díẹ̀ láàrin bí ẹ̀yìn ìjàpá. Dípò ihò róbótó kan ṣoṣo, ihò gbọọrọ méjì tí ó rí bí lẹ́tà f ni a gbẹ́ sí ọ̀tún àti sí òsì okùn rẹ̀. Gìtá àwọn olórin jáàsì ilẹ̀ Amẹ́ríkà nìyí. Bí a ṣe ń rà á àti bí a ṣe ń gbádùn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ lálẹ́ òní. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré, nítorí iye tí à ń dá lé ojúlówó nínú àwọn tí a ṣe ṣáájú ọdún 1965 lè tó owó ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Olórin mìíràn a fi ọdún mẹ́wàá tu owó jọ, a fi gbogbo rẹ̀ ra orúkọ tí wọ́n kọ sí orí gìtá. Bí ó bá gbé e délé tán, tí ó ta okùn rẹ̀, ohùn tí ó tìtorí rẹ̀ náwó kò sí níbẹ̀.

Ẹni tí yóò mọ ohun tí ó yẹ kí a wò lára irú gìtá bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ìdí tí a fi ṣe é. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Orville Gibson, ní ìlú Kalamazoo ní ìpínlẹ̀ Michigan, bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ máńdólíìnì àti gìtá bí a ti í gbẹ́ fayolíìnì. Kì í tẹ pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láti mú un yọ gọngọ. Igi tí ó nípọn ni í gbé kalẹ̀, tí yóò sì máa fi irinṣẹ́ hó o títí yóò fi rí bí ó ti fẹ́. Ọ̀nà yìí kò lè ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá ti rí agbẹ́gi tí ó jókòó ti ìtì igi ọmọ̀, tí ń gbẹ́ inú rẹ̀ láti fi ṣe ìyáàlù. Igi ojú gìtá tí ó bá nípọn jù yóò yadi, èyí tí ó bá sì fẹ́lẹ́ jù yóò rì lábẹ́ okùn. Láàrin méjèèjì ni ọgbọ́n wà.

A dá ilé-iṣẹ́ tí ń jẹ́ orúkọ Gibson sílẹ̀ ní ọdún 1902. Ní ọdún 1922, nígbà tí Lloyd Loar ń bá wọn ṣiṣẹ́, wọ́n gbé gìtá tí wọ́n pè ní L-5 jáde, òun sì ni gìtá àkọ́kọ́ tí wọ́n dá ihò f sí. Sípúrúùsì, igi fífúyẹ́ kan láti ilẹ̀ olótùútù, ni wọ́n fi ṣe ojú rẹ̀. Mépù, tí ó le jù ú lọ, ni wọ́n sábà ń fi ṣe ẹ̀yìn rẹ̀.

Kí ni wọ́n fẹ́ fi irú gìtá bẹ́ẹ̀ ṣe? Ohùn rírinlẹ̀ ni wọ́n ń wá. Ní àkókò náà, bánjò, ohun èlò tí àwọn olórin jùjú àkọ́kọ́ ní Èkó mọ̀ dáadáa, ni ó ń gbé ijó ró nínú ẹgbẹ́ olórin Amẹ́ríkà, nítorí pé fèrè idẹ a máa bo gìtá lásán mọ́lẹ̀. Gìtá gbígbẹ́ ni ó wá gba ipò lọ́wọ́ bánjò. Bí ẹgbẹ́ olórin ti ń pọ̀ sí i ni gìtá náà ń tóbi sí i: íǹṣì 16 ni ìbú L-5 àkọ́kọ́, ní ọdún 1934 ó di 17, ọdún yẹn kan náà ni Super 400 dé pẹ̀lú íǹṣì 18, tí iye dọ́là tí wọ́n ń tà á sì wà nínú orúkọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ohun tí a ń wí, kí ó fetí sí Freddie Green. Láti ọdún 1937 títí ó fi kú ní ọdún 1987 ni ó fi ta gìtá nínú ẹgbẹ́ Count Basie. Ó ṣọ̀wọ́n kí ó tó dá orin ta. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ọwọ́ rẹ̀ ń bọ́ sórí okùn nínú ìwọ̀n orin kọ̀ọ̀kan, láìlo iná mànàmáná, síbẹ̀ bí ó bá sinmi, gbogbo ẹgbẹ́ ni yóò mọ̀.

Iná mànàmáná dé, ó sì yí ọ̀rọ̀ padà. Gibson gbé ES-150 jáde ní ọdún 1936, pẹ̀lú ẹ̀rọ agbohùn lábẹ́ okùn rẹ̀. Charlie Christian gbé irú rẹ̀ wọ ẹgbẹ́ Benny Goodman ní ọdún 1939, ó ń ta okùn kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń fun fèrè. Ikú pa á ní ọdún 1942, ọmọ ọdún 25 péré. (Nílẹ̀ wa níbí, ìparí àwọn ọdún 1940 ni Àyìndé Bákàrè mú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wọ inú orin jùjú.) Ṣùgbọ́n gìtá tí inú rẹ̀ ṣófo a máa hu bí ajá bí ó bá súnmọ́ ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn rẹ̀ jáde. Nítorí náà, nígbà tí ES-175 jáde ní ọdún 1949, igi pẹlẹbẹ tí a lẹ̀ mọ́ra ní ìpele ìpele, bíi ti púláíwúùdù, ni wọ́n tẹ̀ fi ṣe ojú rẹ̀. Ó le, kì í yára hu. Joe Pass àti Jim Hall fi ṣe orin tí ayé kò gbàgbé.

Ibí yìí ni àṣìṣe àwọn olùrà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Igi gbígbẹ́ àti igi àlẹ̀pọ̀, kò sí èyí tí ó burú nínú wọn, iṣẹ́ wọn ni ó yàtọ̀. Ṣùgbọ́n kò tọ́ kí ènìyàn san owó gbígbẹ́ lórí àlẹ̀pọ̀. Bí olùtajà bá ń tẹnu mọ́ ọn pé gbígbẹ́ ni, kí olùrà má bá a jiyàn. Kí ó kàn wo etí ihò f. Bí a kò bá fi ọ̀já sẹ́lúlọ́ìdì bo etí náà, ìpele igi àlẹ̀pọ̀ yóò hàn gbangba níbẹ̀. Bí a bá bò ó, kí ó fi dígí kékeré wo inú, bóyá ìlà igi tí ó wà níta bá èyí tí ó wà nínú mu.

Lẹ́yìn èyí, kí ó wo abẹ́ afárá okùn, ìyẹn igi kékeré tí okùn gùn lé. Níbẹ̀ ni okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti ń tẹ ojú gìtá mọ́lẹ̀ láti nǹkan bí ọgọ́rin ọdún. Bí ojú náà bá ti rì, àyà gìtá ti wó nìyẹn. Kí ó fi ìka kan ojú gìtá yí ká. Bí ohun kan bá ń gbọ̀n nínú, ọ̀kan nínú ọ̀pá méjì tí ó gbé ojú náà ró ti já kúrò lára gúlù. Ọrùn ńkọ́? Bí wọ́n bá ti yí afárá okùn wálẹ̀ dé òpin tí okùn ṣì ga fún ìka, oríkèé ọrùn ti yẹ̀. Ọ̀pá irin tí Gibson ń fi sínú ọrùn lè na ọrùn tí ó tẹ̀, kò lè wo oríkèé tí ó yẹ̀ sàn. Títú u tún tò gba oníṣẹ́ tí ó mọṣẹ́, owó rẹ̀ kò sì kéré.

Sẹ́lúlọ́ìdì pàápàá ní àrùn tirẹ̀. Bí ó bá gbó, a máa tú èéfín kíkan tí í jẹ irin tí ó wà nítòsí, a sì máa fọ́ bí gúgúrú. Ẹni tí ó bá ṣí àpótí gìtá tí òórùn kíkan bá a nímú, kí ó wo àwọn irin orí ọrùn bóyá wọ́n ti dípẹtà.

Èyí tí ó máa ń ya àwọn ọ̀dọ́ lẹ́nu ni pé gìtá tí ń dán gbinrin ni ó yẹ kí a fura sí jù. Ẹni tí ó kun fáníìsì tuntun lé gìtá àádọ́rin ọdún lè ti fi ìfági gé igi ojú rẹ̀ kù kí ó tó kùn ún, ohùn a sì bá a lọ. Gìtá tí ó ti là rí, tí oníṣẹ́ rere ti dí i, tí ọwọ́ àwọn olórin ti bó fáníìsì ọrùn rẹ̀, lè máa kọrin ju aláìlábàwọ́n lọ, síbẹ̀ owó rẹ̀ yóò wálẹ̀ púpọ̀. Bákan náà ni èyí tí wọ́n gé ojú rẹ̀ láti fi ẹ̀rọ agbohùn sí. Akójọhun-àtijọ́ yóò sá fún irú wọn. Olórin tí kò lówó púpọ̀ ni kí ó sáré lọ bá wọn.

Orúkọ tí àwọn akójọhun-àtijọ́ ń lé kiri jù ni ti John D'Angelico, tí ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Kenmare Street ní New York. Ní ìwọ̀n ọdún 30 ó kàn ṣe ju gìtá 1,100 lọ díẹ̀. Ó kú ní ọdún 1964, ọmọ ọdún 59. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, James D'Aquisto, tẹ̀ síwájú, òun náà sì kú ní ọdún 1995, ọmọ ọdún 59 kan náà. Ní ọdún 2011, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Metropolitan ní New York pàtẹ iṣẹ́ wọn fún aráyé. Ọlá ńlá ni, ṣùgbọ́n gìtá tí ó wà lẹ́yìn gíláàsì kò sọ̀rọ̀.

Kí olùrà má ṣe gbàgbé ìwé àṣẹ o. Rósíwúùdù ilẹ̀ Brasil ni wọ́n fi ṣe igi ìtẹ̀ka púpọ̀ nínú àwọn gìtá wọ̀nyí, àdéhùn àgbáyé sì ti ká ìṣòwò igi náà lọ́wọ́ kò láti ọdún 1992.

Lọ́jọ́ tí yóò bá sanwó, kí ó mú olórin mìíràn dání, kí ẹni yẹn ta gìtá náà ní ìkángun yàrá kan kí òun sì dúró ní ìkángun kejì, nítorí pé iwájú ni a ṣe é láti sọ̀rọ̀ sí, kì í ṣe sí àyà ẹni tí ó gbé e. Ohùn rẹ̀ kì í pẹ́ nílẹ̀. A ró, a sì tètè yàgò fún èyí tí ń bọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ohùn tí ń falẹ̀ bí aago ṣọ́ọ̀ṣì, gìtá olójú pẹrẹsẹ ni kí ó lọ rà. Bí ó bá ti gbé e délé, kí ó fi okùn tí ó nípọn sí i bí igi rẹ̀ bá lè gbà á, kí ó pa á mọ́ kúrò níbi ooru àti afẹ́fẹ́ gbígbẹ tí í mú igi là, kí ó sì máa ta á lójoojúmọ́. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti mọ ọrùn náà, kí ó wá pe onífèrè kan sílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kí àwọn méjèèjì ṣe orin tí kò yá jù, kí gìtá náà lè padà sẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ gbẹ́ ẹ ní Kalamazoo tàbí ní Kenmare Street.