Òfin tí ó Pa Olùkọ́ Lẹ́nu Mọ́

Òfin kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí á yẹ̀ wò. Ní ọdún 1988, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi abala 28 sínú òfin ìjọba ìbílẹ̀ wọn. Ó kà á léèwọ̀ kí ìjọba ìbílẹ̀ máa polongo ìfẹ́ láàárín ọkùnrin sí ọkùnrin tàbí obìnrin sí obìnrin. Ó sì ka irú ìdílé bẹ́ẹ̀ sí ayédèrú.

A kò fi òfin yìí dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ rí. Síbẹ̀ ó ṣiṣẹ́. Ẹ̀rù ni ó fi ṣiṣẹ́. Olùkọ́ gbọ́ tí wọ́n ń fi ọmọ kan ṣẹ̀sín, ó dákẹ́, nítorí kò mọ̀ bóyá ìtùnú ni wọn yóò pè ní ìpolongo. Olùkọ́ tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò jẹ́ dárúkọ ẹni tí wọ́n jọ ń gbélé. (Ẹyin lohùn, àwọn àgbà wí, n kò gbọ́ kí wọ́n sọ pé ìdákẹ́ náà ń fọ́.)

Scotland fagi lé e ní 2000, England àti Wales ní 2003. Òfin ìdọ́gba ti 2010 sì de ọwọ́ ilé-ìwé kí ó má ṣe ojúsàájú. Ṣùgbọ́n ẹnu tí ó ti pa mọ́ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kì í là lọ́jọ́ kan.

Àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ ní ilé-ìwé Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn òbí kan ń bẹ̀rù pé wọn yóò yí ọmọ àwọn padà. Ìbéèrè tèmi kéré sí ìyẹn: bí ìwé ìforúkọsílẹ̀ bá fi àyè sílẹ̀ fún bàbá kan àti ìyá kan péré, níbo ni ọmọ tí ìyá méjì ń tọ́ yóò kọ orúkọ ìyá rẹ̀ kejì sí?