Ilé Tí Àwọn Tó Ti Ìdálẹ̀ Bọ̀ Kọ́

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń ṣòwò ní Dougouba, ní ìlú Bouaké, ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ ní pàtàkì, nítorí ẹ mọ ohun tí ó jẹ́ láti ṣiṣẹ́ lókèèrè kí a sì wá kọ́lé sílé.

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọmọ wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Brazil padà sí Èkó. Àgùdà ni a ń pè wọ́n. Iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn mú bọ̀. Wọ́n kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n tẹ orí fèrèsé bí òṣùmàrè, wọ́n sì fi sìmẹ́ńtì mọ òdòdó sára ògiri.

Mọ́sáláṣí Shitta-Bey jẹ́ ẹ̀rí iṣẹ́ wọn. Mohammed Shitta, gbajúmọ̀ oníṣòwò, ni ó náwó rẹ̀. João Baptista da Costa, ọ̀gá mọlémọlé Àgùdà, ni ó kọ́ ọ, pẹ̀lú Sanusi Aka. Ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 1894 ni a ṣí i. Ó ṣì wà lórí ìdúró.

Ilojo Bar, ilé Àgùdà mìíràn ní Tinubu Square, kò rí bẹ́ẹ̀. Ìjọba ti fi òfin dáàbò bò ó láti ọdún 1956. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, a wó o palẹ̀. Ọgọ́ta ọdún tí òfin fi ṣọ́ ọ kò gbà á lọ́wọ́ òòlù.

Ní Côte d'Ivoire tí ẹ ń gbé, ààfin gómìnà Faransé ti ọdún 1893 ṣì wà ní Grand-Bassam. Ní ọdún 2012, UNESCO ka ìlú àtijọ́ náà mọ́ ogún gbogbo ayé. Bí a bá lè tọ́jú ilé tí amúnisìn kọ́, èé ṣe tí a ó fi wó èyí tí ọmọ wa fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́?

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá padà sí Ẹjìgbò tàbí ìlú yín gbogbo, tí owó ilé tuntun sì wà lọ́wọ́, ẹ má ṣe fi ilé bàbá yín ṣe ilẹ̀ rẹ̀. Ẹ tún òrùlé rẹ̀ ṣe. Ẹ bi àwọn àgbà léèrè ẹni tí ó mọ ọ́n. Ilé tuntun kò ní ṣòro kọ́ lọ́la. Ti àná, bí ó bá ti wó, kò sí ẹni tí yóò tún un mọ.