Ẹ̀rọ Owó àti Ẹni Tó Jókòó Tì Í

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, a fẹ́ kí a jọ gbé iṣẹ́ kan yẹ̀wò tí kò sí nígbà tí púpọ̀ nínú wa ń dàgbà. Ní Lọ́kọ́jà, ní Ìlọrin tàbí ní Kàdúná, bí ẹ bá jáde nílé ní òwúrọ̀, kí ẹ tó dé ìdí alákàrà, ẹ ó ti rí ọ̀dọ́ kan lábẹ́ agboòrùn ńlá, pẹ̀lú tábìlì, àga ike, ìwé àkọsílẹ̀ kan àti ẹ̀rọ kékeré tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Oní-POS ni à ń pè é. Iṣẹ́ báńkì ni ó ń ṣe fún àwọn tí báńkì jìnnà sí.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀ irú iṣẹ́ yìí kò tíì pẹ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 2007, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù Safaricom ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní M-Pesa. Ẹni tí kò ní àkáǹtì ní báńkì kankan lè ti orí fóònù rẹ̀ fi owó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní abúlé, ìyá náà yóò sì lọ gbà á lọ́wọ́ onísọ̀ tí ó sún mọ́ ọn. Ní Nàìjíríà, ọ̀nà mìíràn ni a gbà. Ní ọdún 2012 ni Báńkì Àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò láti dín owó bébà tí à ń kó kiri kù, Èkó ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ dán an wò. Nígbà tí ó di ọdún 2013, wọ́n ṣe ìlànà tí ó fún àwọn báńkì láyè láti yan aṣojú láàrin àwọn oníṣòwò àdúgbò. Báńkì kò ní láti kọ́lé, kò ní láti gba ọlọ́dẹ, kò ní láti ra jẹnẹrétọ̀. Aṣojú ni yóò pèsè àyè, òun ni yóò pèsè ara rẹ̀, òun náà ni yóò sì pèsè owó.

Ọ̀pọ̀ oníbàárà ni kò mọ apá ìkẹyìn yẹn. Bí ẹ bá fẹ́ gba ₦10,000, inú àpò oní-POS fúnra rẹ̀ ni bébà owó náà ti ń jáde. Ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe ni pé ó ń yọ ₦10,000 kúrò nínú àkáǹtì yín, ó sì ń fi í sínú tirẹ̀. Nítorí náà, bí ó bá fi máa di ọ̀sán, owó rẹ̀ ti pọ̀ nínú àkáǹtì, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan mọ́ nínú àpótí rẹ̀. Yóò wá dìde, yóò lọ bá àwọn tó ń ta epo bẹntiróòlù, tàbí àwọn aláta lọ́jà, pé kí wọ́n fún òun ní owó bébà, kí òun fi iye kan náà ránṣẹ́ sí àkáǹtì wọn. Nígbà mìíràn wọn a gba nǹkan lé e. Èyí wà lára ìdí tí òun náà fi ń gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ yín.

Àwa Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fi owó lé ọmọnìkejì lọ́wọ́ láìsí ilé báńkì. Alájọ ti ń rìn ojúlé dé ojúlé kí a tó bí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ yìí. Gbogbo wa ni a mọ ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn máa ń sọ nípa Alájọ Ṣómólú, pé orí rẹ̀ pé tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ta mọ́tò ra kẹ̀kẹ́. Ẹ̀rín ni a fi ń rín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rò ó wò: ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti yà sí gbogbo ìsọ̀ nínú àwọn òpópó tóóró, kí ni ó fẹ́ fi mọ́tò ṣe? Kẹ̀kẹ́ ni ó bá iṣẹ́ náà mu. Ohun tó mú alájọ yàtọ̀ sí ẹ̀rọ, lójú tiwa, ni pé alájọ mọ orúkọ oníbàárà rẹ̀, oníbàárà náà sì mọ agboolé alájọ. Lónìí, bí owó bá há sáàárín báńkì kan àti èkejì, tí fóònù sọ pé a ti yọ ọ́, tí ẹ̀rọ sì sọ pé òun kò rí i gbà, ta ni a ó lọ bá? Ọmọ tó jókòó síbẹ̀ ni a máa ń kọjú ìjà sí, bẹ́ẹ̀ òun gan-an kò mọ ibi tí owó náà wà.

Kò yẹ kí a sọ̀rọ̀ iṣẹ́ yìí láìrántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹwàá, ọdún 2022, Báńkì Àpapọ̀ kéde pé àwọn yóò pààrọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000. Tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ọjọ́ 15, oṣù Kejìlá. Wọ́n sì ní ti àtijọ́ kò ní ná mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ 31, oṣù Kìíní, kí wọ́n tó sún un sí ọjọ́ 10, oṣù Kejì. Wọ́n gba ti àtijọ́ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, tuntun kò sì tó. Àwọn kan sùn sí ẹnu ọ̀nà báńkì. Àwọn kan san ₦2,000, àwọn mìíràn ₦3,000, kí wọ́n tó rí ₦10,000 tí ó jẹ́ tiwọn gbà. Ọjọ́ 3, oṣù Kẹta, ni Ilé Ẹjọ́ tó ga jù lọ tó dájọ́ pé kí owó àtijọ́ ṣì máa ná.

Àwọn oní-POS máa ń sọ pé àwọn náà ra owó náà ni. Òótọ́ ni ní ti àwọn kan. Ẹni tó san ₦1,500 kí ó tó rí ₦10,000, tó sì gba ₦1,800, kò ṣe ju òwò lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó rí owó gbà ní iye rẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní báńkì, tó wá dúró de ìyá tó ń gbé ọmọ aláìsàn lọ sí ọsibítù, irú àwọn tí wòlíì Ámósì bá wí ni, àwọn tó ń fi òṣùwọ̀n rẹ́ tálákà jẹ tí wọn kò sì lè ní sùúrù kí ọjọ́ ìsinmi parí. Bí ẹnikẹ́ni tó ń gbọ́ wa bá mọ̀ pé òun jẹ irú owó bẹ́ẹ̀, kí ó mọ̀ pé ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ nìkan kò parí ọ̀rọ̀ náà. Ìdápadà wà níbẹ̀. Bí kò bá sì rí ẹni tó ni owó mọ́, àwọn tálákà kò jìnnà.

Síbẹ̀, kì í ṣe àwọn tó ni ẹ̀rọ ni ọ̀rọ̀ wọn jẹ wá lógún jù lónìí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ẹ ń rí lábẹ́ agboòrùn kì í ṣe ọ̀gá ara wọn. Ẹlòmíràn ni ó ni ẹ̀rọ, òun ni ó ni owó, ó sì lè ní mẹ́rin tàbí márùn-ún bẹ́ẹ̀ káàkiri ìlú. Ọmọ tó jókòó tì í, tí ó sábà máa ń jẹ́ ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé ẹ̀kọ́ girama, owó oṣù ni ó ń gbà. Ó ń dé ibẹ̀ ní aago méje àárọ̀, kì í sì í kúrò títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Òfin owó oṣù tó kéré jù lọ, tí ìjọba fọwọ́ sí ní oṣù Keje ọdún 2024 pé kí ó jẹ́ ₦70,000, kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí pé òfin náà yọ agbanisíṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀. Kò sí ìwé àdéhùn. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n máa ń là yé e dáadáa ni pé bí owó bá dín ní ìrọ̀lẹ́, òun ni yóò dí i.

Ọ̀kan nínú wọn sọ tirẹ̀ fún wa, ó sì gbà pé kí a sọ ọ́ láìdárúkọ òun. ₦30,000 ni owó oṣù rẹ̀. Ọkùnrin kan wá gba ₦20,000, ó ní òun ti fi owó náà ránṣẹ́. Ó na fóònù sí i, àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì wà lójú rẹ̀, èrò pọ̀, ọmọ náà ka owó fún un. Ayédèrú ni àtẹ̀jíṣẹ́ náà. Ọ̀gá yọ gbogbo rẹ̀ nínú owó oṣù. ₦10,000 ni ó mú lọ sílé lẹ́yìn oṣù kan gbáko. Ẹ má ṣe rò pé ìkà ènìyàn ni ọ̀gá yìí. Lójú tirẹ̀, ẹ̀kọ́ ni ó ń kọ́ ọmọ náà kí ó lè máa ṣọ́ra. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjà bá tà, ta ni ó ń jẹ èrè? Ọ̀gá ni. Báwo ni ó ṣe wá jẹ́ pé ẹni tí kò pín nínú èrè ni yóò dá nìkan ru àdánù? Mósè pàṣẹ pé owó iṣẹ́ alágbàṣe kò gbọdọ̀ sùn mọ́ ọ̀gá lọ́wọ́. Jákọ́bù Mímọ́ sì jẹ́ kí ó yé wa pé owó tí a fi du òṣìṣẹ́ yẹn gan-an ní ohùn, Ọlọ́run sì ń gbọ́ ọ.

Nígbà tí Póòpù Leo Kẹtàlá kọ Rerum Novarum ní ọjọ́ 15, oṣù Karùn-ún, ọdún 1891, àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ńlá ní ilẹ̀ Yúróòpù ni ó wà lọ́kàn rẹ̀. Ó kọ́ wa pé àdéhùn tí ebi fi ipá mú ènìyàn gbà kò tíì di òdodo nítorí pé ó gbà á. Ní ọdún 1981, Póòpù John Paul Kejì tẹnu mọ́ ọn nínú Laborem Exercens pé nítorí ènìyàn ni iṣẹ́ ṣe wà. Nígbà tí wọ́n sì yan Póòpù Leo Kẹrìnlá ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ó sọ fún àwọn Kádínà pé Leo Kẹtàlá àti lẹ́tà yẹn wà lára ìdí tí òun fi mú orúkọ náà, nítorí pé àwọn ẹ̀rọ tó ń ṣe iṣẹ́ ọpọlọ, tí wọ́n ń pè ní AI, tún ti gbé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti iyì òṣìṣẹ́ dìde. Àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà nìyẹn. Ẹ wo ọjà yín. Bí gbogbo ènìyàn bá ń fi fóònù sanwó tààrà fún alákàrà, kí ni a ó tún máa wá ṣe ní ọ̀dọ̀ ọmọ abẹ́ agboòrùn?

A ronú kan àlùfáà kan lórí ọ̀rọ̀ yìí, José María Arizmendiarrieta, ọmọ ilẹ̀ Basque ní Sípéènì. Ní ọdún 1941, lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé ti fi ìyà jẹ ilẹ̀ náà, wọ́n rán an lọ sí ìlú kékeré Mondragón, ọmọ ọdún 25 sì ni nígbà náà. Ní ọdún 1943 ó dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀. Ní 1956, márùn-ún nínú àwọn tó kọ́ dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀, Ulgor, tí ó ń ṣe sítóòfù. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló ni ín, ìbò kan ṣoṣo ni ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ní, ì báà jẹ́ ọ̀gá, ì báà jẹ́ ẹni tó ń gbálẹ̀. Ní 1959 wọ́n dá báńkì tiwọn sílẹ̀. Àlùfáà náà kú ní 1976. Lónìí, nǹkan bí 70,000 ènìyàn ló ń ṣiṣẹ́ nínú àwọn ẹgbẹ́ tó ti ibẹ̀ jáde. Kì í ṣe pé wọn kò rí ìṣòro. Ní 2013, Fagor, tí ó jẹ́ Ulgor àtijọ́ gan-an, wó lulẹ̀ nítorí gbèsè. Ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ yòókù wá àyè fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kì í ṣe àjèjì sí wa; òfin tó fún un láyè ní Nàìjíríà ti wà láti ọdún 1935. Ọ̀dọ́ mẹ́fà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn dá ₦50,000 ti ní ₦300,000 lọ́wọ́, ó sì tó láti fi bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ agboòrùn kan tí yóò jẹ́ tiwọn, kí wọ́n máa jókòó ní ìpín-ìpín, kí wọ́n sì máa ya díẹ̀ sọ́tọ̀ lójoojúmọ́ de ọjọ́ tí owó bá dín. Ẹ̀yin tí ẹ ti ní ẹ̀rọ, tí ọmọ ọlọ́mọ jókòó tì í, ẹ lè ya irú owó bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ láti inú èrè láti ọ̀la lọ. Ní alẹ́ òní, ẹ mú bírò, kí ẹ kọ iye tí ẹ ti yọ lára owó oṣù ọmọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kí ẹ sì kọ èrè tí ẹ ti jẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dẹ́kun pípe nọ́ńbà àṣírí káàdì yín sókè ní gbangba. Ẹ tẹ̀ ẹ́ fúnra yín.

Àwọn ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń forúkọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀, kí wọ́n dúró lẹ́yìn Míísà kejì ní ọjọ́ Àìkú. Akọ̀wé ìjọ yóò wà ní gbọ̀ngàn pẹ̀lú ìwé náà.