Gígun Òkè Ìdànrè
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́)

Ní ìpàdé tí ó kọjá, ẹnìkan nínú wa bèèrè pé, kí ni èrè ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa làálàá, tí ó lọ gun òkúta lásán? Ìbéèrè náà kò burú. Àwa tí a lọ sí Ìdànrè ni ó tọ́ kí a dáhùn.

Ìdànrè wà ní ìhà gúúsù Àkúrẹ́, ọ̀nà rẹ̀ kò sì jìn. Kí ènìyàn tó wọ ìlú ni yóò ti rí àwọn òkè náà láàárín igbó, bí agbo erin tí ó dùbúlẹ̀. Àtẹ̀gùn tí a kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òkè lé ní 600. Ẹ má ṣe fojú kékeré wò ó. Ní ibi ìsinmi kìíní, àwọn ọ̀dọ́ wa ń kọrin. Nígbà tí a fi dé ibi kẹta, orin ti dákẹ́, olúkúlùkù ń wá ibi tí yóò fẹ̀yìn tì. Ibi tí àtẹ̀gùn parí sí gan-an ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí orí àpáta ni ẹsẹ̀ wà láti ibẹ̀ lọ, bí òjò bá sì ti rọ̀ sí i, yíyọ̀ ni ó ń yọ̀. Òjò díẹ̀ rọ̀ lé wa lórí. Àgbàlagbà kan nínú wa bọ́ bàtà rẹ̀, ó fi ìdí wọ́, kò sì ka ìyẹn sí àbùkù.

Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ wo òkúta náà dáadáa yóò rí ègé funfun ńláńlá tí wọ́n há sínú rẹ̀, bí ègé àgbọn nínú gààrí tí a rẹ. Àwọn ègé wọ̀nyí ni wọ́n ń sọ ìtàn. Àwọn onímọ̀ òkúta wí pé, ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ohun yíyọ́ gbígbóná ni òkúta yìí, ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń tutù. Nítorí pé kò kánjú ni àwọn ègé náà ṣe ráyè dàgbà. Ilẹ̀ tí ó bò ó mọ́lẹ̀, òjò àti odò ni wọ́n wọ́ ọ lọ. Nígbà tí ẹrù kúrò lórí rẹ̀, òkúta náà wú, ó là ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, ó sì ń bó bí èèpo àlùbọ́sà títí di òní. Ìdí nìyí tí orí àwọn òkè náà fi rí róbótó. Ẹni tí ó bá dúró lókè níbẹ̀, inú ilẹ̀ àtijọ́ ni ó dúró lé.

Láti òkè, a rí òrùlé páànù ìlú ìsàlẹ̀, a rí oko kòkó tí ó tẹ́ lọ rẹrẹ, àti òkè lẹ́yìn òkè tí ìkùukùu bò lórí. Ogun wo ni ìbá dìde ní ìsàlẹ̀ tí ẹni tí ó wà níbẹ̀ kì bá rí? Nígbà náà ni ó yé wa ìdí tí àwọn ará Ìdànrè fi gbé orí òkè fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ láàárín nǹkan bí ọdún 1920 sí 1933. Ààfin àtijọ́ Ọwá ṣì wà lókè pẹ̀lú òpó gbígbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n amọ̀ ni ògiri rẹ̀, amọ̀ kò sì lè bá òjò jà bí òkúta. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2007 ni orúkọ òkè náà ti wà lọ́dọ̀ UNESCO, láàárín àwọn ibi tí Nàìjíríà ń fẹ́ kí a kà kún ogún gbogbo ayé. Ó dára, ṣùgbọ́n ìwé kì í mọ ògiri.

Ohun kan kù tí púpọ̀ nínú wa kò gbọ́ rí. Ọ̀pọ̀lọ́ kan wà tí àwọn onímọ̀ kò tí ì rí níbòmíràn ní gbogbo ayé, àfi ní òkè Ìdànrè. Ọdún 1963 ni a kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ sínú ìwé. Lẹ́yìn náà a kò gbúròó rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, títí di ọdún 2013 tí a tún rí i. Inú omi tín-ín-rín tí ń ṣàn lójú àpáta ni àwọn ọmọ rẹ̀ tí kò tí ì ní ẹsẹ̀ ń gbé. Omi yìí kan náà ni àwọn àlejò ń ṣan ọwọ́ oúnjẹ sí, tí wọ́n ń sọ ọ̀rá sí. Àwa pẹ̀lú ṣe bẹ́ẹ̀ kí a tó mọ̀, ojú sì tì wá.

A ó tún lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí àpáta bá gbẹ. Ẹni tí ó bi wá ní ìbéèrè yẹn, a ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Kí ó mú bàtà tí ó ń di ilẹ̀ mú lọ́wọ́, àti omi mímu, àti àpò tí yóò fi kó ìdọ̀tí rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.