Wúfà fún Orin, Wúfà fún Fíìmù

Sábúwúfà, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní wúfà lásán, ni sípíkà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ohùn ìsàlẹ̀ lọ. Etí ènìyàn a máa gbọ́ ohùn tó ń gbọ̀n láti ìgbà 20 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tí à ń kọ ní 20 Hz, títí dé 20,000. Láti nǹkan bí 80 Hz lọ sísàlẹ̀ ni ti wúfà. Okùn tó nípọn jù lára gìtá béèsì olókùn mẹ́rin ń gbọ̀n ní 41 Hz, orin jùjú Ebenezer Obey tàbí King Sunny Adé kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ bèèrè ju ìyẹn lọ.

Ti fíìmù yàtọ̀. Nígbà tí fíìmù Earthquake jáde ní Amẹ́ríkà ní 1974, wọ́n kó wúfà ńláńlá sínú sinimá kí ilẹ̀ lè dà bí ẹni ń mì lábẹ́ àga. Dolby Digital, tó dé sinimá ní 1992, ya ojú ọ̀nà kan sọ́tọ̀ fún ohùn ìsàlẹ̀. Òun ni 1 tó kẹ́yìn nínú 5.1 ara páálí hóòmù tíátà. Ààrá inú fíìmù lè sọ̀kalẹ̀ dé 20 Hz, níbi tí àyà ti ń gbọ́ ọ ju etí lọ.

Oríṣi àpótí wúfà méjì ló wọ́pọ̀. Èyí tí kò níhò sé afẹ́fẹ́ mọ́nú, afẹ́fẹ́ náà sì ń fa awọ sípíkà padà kíá: bí onílù bá gbọ́wọ́ kúrò, wúfà náà dákẹ́. Oníhò ń fi afẹ́fẹ́ tó ń gba ihò jáde kún ohùn. Ẹni tó bá gbé àtẹ́lẹwọ́ síwájú ihò náà nígbà tí ìbọn ńlá ń dún nínú fíìmù yóò mọ afẹ́fẹ́ náà lára bí ẹni tí wọ́n fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́. Oníhò ń pariwo ju aláìníhò lọ, ṣùgbọ́n ó máa ń wọ́ ohùn nílẹ̀.

Nínú orin Yorùbá, wíwọ́ ohùn nílẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ohùn ni ìyáàlù dùndún fi ń sọ̀rọ̀. Béèsì tó bá pọ̀ jù a máa bo ohùn tó wà lókè rẹ̀ mọ́lẹ̀; a gbọ́ ìlù, a kò gbọ́ ohun tó wí. Bákan náà ni yóò ṣe àgídìgbo inú àpàlà Haruna Ishola.

Yàrá náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Nínú pálọ̀ oníbúlọ́ọ̀kù ní Ẹ̀rìn-Ilé tó gùn ní mítà 4, ohùn tó bá wà ní nǹkan bí 43 Hz máa ń wú láàárín ògiri méjì. Kò jìnnà sí 41 Hz gìtá béèsì, nítorí náà ohùn kan ṣoṣo á máa bú ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, onílé á sì máa dá wúfà lẹ́bi. Kọ̀rọ̀ ilé tún ń dá kún un. Láti mọ ibi tó yẹ wúfà, kí wọ́n gbé e sórí àga tí wọ́n fi ń gbọ́ orin, kí ẹnì kan máa rákò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ibi tí béèsì bá ti dọ́gba jù létí ni kí wọ́n gbé e sí.

Kí olùrà má ṣe ka nọ́ńbà agbára PMPO ara páálí sí. RMS ni agbára tí ẹ̀rọ lè gbé ró. Fún orin ní pálọ̀ kékeré, aláìníhò ínǹṣì 8 tàbí 10 tó. Fún fíìmù, oníhò ínǹṣì 12 ló yẹ. Ẹni tí ẹyọ kan yóò ṣe méjèèjì fún, ti orin ni kó rà: ààrá tó dín díẹ̀ kò ba fíìmù jẹ́. Kó yí ààlà ohùn (crossover) sí 80 Hz, kó sì máa dín wúfà kù títí àlejò kò fi ní mọ ibi tó wà.